Wáyà Eyín àti Àmì Ẹfun: Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Eyín tí A Ń Tò

Funfun ni iyì eyín. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Ṣùgbọ́n funfun kan wà lára eyín tí kì í ṣe iyì rárá. Kì í dán, kò sì bá ara eyín tó kù dọ́gba. Ó dà bí ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì tọ́ sí ara ohun tí kò yẹ kí ó tọ́ sí. Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wáyà kúrò lára eyín wọn ni a ti sábà máa ń rí i. Eyín náà ti tò, ó gún régé bí ọmọ ogun lójú ìlà, owó ti lọ, nǹkan bí ọdún méjì ti lọ, ṣùgbọ́n ní àyíká ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀, àmì bí ẹfun ni ó kù síbẹ̀.

Ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ oge lọ. Ibi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ni Ìjagun jẹ́, ẹnu ni olùkọ́ sì fi ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ojú àwọn ọmọ kíláàsì kì í kúrò lára rẹ̀, àwọn ọmọdé kò sì mọ bí a ti ń gbójú kúrò lára àléébù. Èyí tí ó wá dunni jù ni pé ohun tí a lè dènà ni. Wáyà kọ́ ni ó ń ba eyín jẹ́. Ohun tí ó sá pamọ́ sí abẹ́ wáyà ni.

Kí ohun tí ó ń bàjẹ́ tó yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ènámẹ́lì jẹ́. Òun ni ẹ̀wù líle tí ó bo apá eyín tí ojú ń rí. Kò sí ohun tí ó le tó o ní gbogbo ara ènìyàn. Egungun pàápàá kò tó o. Bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ ni ó jẹ́ èròjà bíi ti òkúta, èyí tí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì para pọ̀ ṣe. Ìyókù jẹ́ omi àti ìwọ̀nba èròjà ara. Níbi tí ó ti nípọn jù, ní orí àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 2.5 lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti le tó yìí, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, egungun yóò so padà. Bí awọ orúnkún bá bó, awọ mìíràn yóò hù. Ti ènámẹ́lì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ó mọ ọ́n ti kú dànù kí eyín tó yọ sí ẹnu, nítorí náà èyí tí ó bá bọ́ lára rẹ̀ ti bọ́ náà nìyẹn.

Inú ẹnu kún fún kòkòrò àìfojúrí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Streptococcus mutans jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wọ́n a máa kó ara wọn jọ sí ojú eyín, wọ́n a di ìdọ̀tí rírọ̀ tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, irú èyí tí ènìyàn lè fi èékánná họ kúrò ní ìdájí. Bí ẹni tí ó ni ẹnu bá jẹ ṣúgà, àwọn náà yóò jẹ nínú rẹ̀, omi kíkan tí à ń pè ní ásíìdì ni wọn yóò sì yà sílẹ̀. Robert Stephan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1944 pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ṣúgà bá dé ojú eyín tó fún kíkan yìí láti gòkè, àti pé ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí kí ó tó wákàtí kan kí ẹnu tó padà sípò. Òdiwọ̀n tí a fi ń wọn kíkan ni pH. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú wà ní 7. Nígbà tí ti ojú eyín bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 5.5 lọ, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò nínú ènámẹ́lì.

Itọ́ ni ó ń ṣe àtúnṣe. Òun náà ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì nínú; nígbà tí kíkan bá rọlẹ̀, itọ́ a dá díẹ̀ padà nínú èyí tí ó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń yọ́ tí ó sì ń dì lójoojúmọ́, tí olówó eyín kò mọ̀. Àmì ẹfun kì í ṣe ohun mìíràn ju ibi tí yíyọ́ ti borí dídì. Abẹ́ ojú ènámẹ́lì ti di oníhò wẹ́wẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba ara eyín tó le, ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi funfun láìdán. Akokoro ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ihò kò tíì wà níbẹ̀.

Wáyà wá mú kí iṣẹ́ itọ́ nira. Lára eyín kọ̀ọ̀kan ni oníṣègùn ń lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́, wáyà a gba inú gbogbo wọn kọjá, rọ́bà tín-ín-rín tàbí wáyà wẹ́wẹ́ a sì dì í mú. Ojú eyín tí ó ń dán tẹ́lẹ̀, tí ètè àti ahọ́n ń nù láti àárọ̀ dalẹ́, ti wá di igbó tí oúnjẹ lè wọ̀ sí. Ní ọdún 1982, Gorelick, Geiger àti Gwinnett tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí àwọn oníṣègùn eyín kò tíì gbàgbé. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n lo wáyà ni wọ́n bá àmì ẹfun lára wọn, ó kéré tán lórí eyín kan; nínú àwọn tí kò lo wáyà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan ni. Eyín iwájú òkè ni ó sì fara gbá jù, èyíinì ni pé ibi tí ẹ̀rín ti ń kọ́kọ́ hàn gan-an ni àléébù náà fẹ́ràn. Ohun kan tún wà nínú ìwádìí náà tí ó yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè fi sọ́kàn: àwọn tí a lẹ wáyà mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́ kò ní àmì náà níbẹ̀. Abẹ́ ahọ́n ni itọ́ ti ń sun jù, omi itọ́ sì ń ṣan ibẹ̀ nígbà gbogbo.

Kì í pẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1988, Øgaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré tó fún àmì ẹfun láti hàn níbi tí ìdọ̀tí bá ti rí ibi jókòó sí lábẹ́ irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò ju àlàfo àárín ìgbà tí aláìsàn rí oníṣègùn rẹ̀ àti ìgbà tí yóò tún rí i lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọyín dáadáa nígbà tí ìdánwò bá parí ti pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àìṣedéédéé kì í sì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Láyé àtijọ́, òrùka irin ni wọ́n ń fi sí gbogbo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1955 ni Michael Buonocore fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì fọ́sífórìkì pa ojú ènámẹ́lì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú náà yóò di oníhò wẹ́wẹ́ tí àtè lè wọ̀ kí ó sì gan mọ́ ọn. George Newman lo ọgbọ́n yìí láti lẹ irin mọ́ eyín ní tààrà, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1965. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ń lọ: ásíìdì ìwọ̀n 37 nínú 100, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, kí wọ́n tó fi omi ṣàn án nù. Bí ọwọ́ oníṣègùn bá mọ́, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi àtè ṣe yàlàyòlò yí irin ká tí kò sì nù ún dáadáa, àtè gbẹ yóò di ojú pákánpàkàn tí ìdọ̀tí ń dì mọ́. Àtè mìíràn wà, glass ionomer, tí ó ń tú èròjà fúlóráìdì jáde díẹ̀díẹ̀ sára eyín. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í dì mú tó àtè tí a mọ̀, irin a sì máa já bọ́. Kò sí èyí tí ó pé tán.

Orí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tí ó kan ará Ìjẹ̀bú wà. Gàrí Ìjẹ̀bú kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Kíkan rẹ̀ ni iyì rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi kan náà ni adùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó kò tíì dé sí láti ilé yóò bu gàrí, yóò da omi tútù sí i, yóò fi ṣúgà dídá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ẹ̀pà yóò tẹ̀lé e. Bí a bá fi ojú onímọ̀ eyín wo abọ́ náà, ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: kíkan, ṣúgà, àti ẹ̀pà líle tí ó lè ṣí irin kúrò lára eyín. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tí ó ní wáyà lẹ́nu má mu gàrí ní Ìjẹ̀bú. Ta ni yóò gbà? Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni iye ìgbà àti bí ó ti pẹ́ tó. Abọ́ gàrí kan tí a mu tán lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kò burú tó èyí tí a gbé ka iwájú ìwé tí a ń bu mu láti aago méjì títí di aago márùn-ún. Bí abọ́ ti ń wá tí ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kíkan ẹnu kò ráyè rọlẹ̀. Ohun kan náà ni ti ẹlẹ́rìndòdò tí a ń fà díẹ̀díẹ̀, àti ti súwíìtì tí a fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú kíláàsì.

Ìwádìí tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ jù lọ kò mọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Láàárín ọdún 1945 sí 1953, ní Vipeholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n fún àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú ní ṣúgà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, títí kan súwíìtì tí ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, títí eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bàjẹ́. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ṣúgà tí ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a sì ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ni ó burú jù, ju ṣúgà tí a jẹ pọ̀ mọ́ oúnjẹ lọ. Ẹ̀kọ́ náà wúlò. Ìyà tí a fi rà á kò tọ́.

Oúnjẹ líle jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kúlíkúlí, àgbàdo sísun, eegun tí a ń fọ́, ìrèké tí a ń fi eyín bó: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣí irin nípò tàbí kí ó tẹ wáyà. Ìrèké ni ó burú jù, nítorí pé ó le, ó sì tún jẹ́ ṣúgà pọ́ńbélé. Ìkọ́kọrẹ́ ní tirẹ̀ kò ṣe irin ní nǹkan kan. Ewùrà rírọ̀ ni, ẹni tí ó bá ní wáyà lẹ́nu ní Ìjẹ̀bú ní oúnjẹ tí yóò jẹ láìfòyà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ̀rọ̀ eyín ní Ìjẹ̀bú tí kò dárúkọ pákò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Igi tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Massularia acuminata ni ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí pákò Ìjẹ̀bú tàbí orin Ìjẹ̀bú. Àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Nàìjíríà ti dán omi inú rẹ̀ àti ti orin ata wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dí àwọn kan nínú kòkòrò ẹnu lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àwọn àgbà tí ń run orin ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn àgbà ń run orin, kò sí irin lẹ́nu wọn. Ẹnu orin kò lè wọ abẹ́ wáyà, kò sì lè yí irin ká dé ìdí eyín, níbẹ̀ gan-an ni àmì ẹfun sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ń fi eyín iwájú jẹ igi líle, àtè yóò jìn. Ẹni tí kò bá lè fi orin sílẹ̀ lè fi eyín ẹ̀yìn tí kò ní irin rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì, kí ó fi fọ inú eyín, níhà ahọ́n. Iwájú eyín, níhà ètè, ti di ti búrọ́ọ̀ṣì títí wáyà yóò fi kúrò.

Ọ̀nà tí a ń gbà lo búrọ́ọ̀ṣì náà yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní wáyà. Kí a kọ́kọ́ dà á dé díẹ̀ láti òkè irin, kí òwú rẹ̀ kan ibi tí eyín ti pàdé èrìgì. Lẹ́yìn náà kí a yí i padà láti ìsàlẹ̀ irin. Eyín kọ̀ọ̀kan ni a ń dúró tì, kì í ṣe pé kí a gbá a lọ gbá a bọ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀ ọjà. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí ó dà bí ọmọ èyí tí a fi ń fọ ìgò, tí ó ń wọ abẹ́ wáyà láàárín irin méjì. Àwọ̀ kan tún wà tí oníṣègùn ń kùn sí eyín: ibi tí ìdọ̀tí bá kù sí yóò pọ́n tàbí kí ó di àwọ̀ aró, aláìsàn yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó rò pé òun ti fọ̀. Kò sí ìwàásù tí ó tó èyí láti yí ọ̀dọ́ lọ́kàn padà.

Fúlóráìdì ni ọ̀rẹ́ ènámẹ́lì tí a mọ̀ dájú jù lọ. Nígbà tí itọ́ bá ń dá kálísíọ̀mù padà, bí fúlóráìdì díẹ̀ bá wà níbẹ̀, ohun tí yóò dì yóò le ju ti ìṣáájú lọ, kì yóò sì tètè yọ́. Àwọn ará ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí omi ẹ̀rọ gbogbo ìlú ní ọdún 1945. Ní ti ẹni tí ó ní wáyà, ọṣẹ ìfọyín tí ìwọ̀n fúlóráìdì rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm ni ó yẹ kí ó lò, ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kí ó tó sùn. A máa ń kọ nọ́ńbà náà sí ara páálí. Kí a kà á. Lẹ́yìn fífọ̀, kí ó tu ìfófó dànù, ṣùgbọ́n kí ó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu, nítorí pé omi yóò kó fúlóráìdì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi omi ife kan gbáko sọ iṣẹ́ ọṣẹ náà di asán láìmọ̀. Oníṣègùn lè fi omi ìyọnu oní-fúlóráìdì kún un, èyí tí ìwọ̀n sódíọ̀mù fúlóráìdì inú rẹ̀ jẹ́ 0.05 nínú 100 fún ti ojoojúmọ́. Ó sì lè kun èyí tí ó ki gan-an, ìwọ̀n 5 nínú 100, sí eyín fúnra rẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá wá. Àṣejù kò dára nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Langtang, ní ìpínlẹ̀ Plateau, fúlóráìdì tí ó wà nínú omi ilẹ̀ ti sọ eyín ọ̀pọ̀ ọmọ di alámì, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, láti ìgbà tí eyín náà ṣì ń dàgbà nínú àgbọ̀n. Nítorí náà ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ gbé ọṣẹ ìfọyín mì.

Ìgbà tí ó dára jù láti dènà àmì ẹfun ni kí a tó lẹ irin kan ṣoṣo. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ kì í lẹ wáyà mọ́ ẹnu tí ó dọ̀tí. Yóò ní kí aláìsàn lọ fọ ẹnu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó padà wá; bí èrìgì bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, yóò tún dá a padà. Ọ̀pọ̀ òbí ni inú ń bí sí èyí, wọ́n a sì rò pé ńṣe ni ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Ó tún tọ́ kí a béèrè bóyá wáyà náà pọn dandan. Àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń lọ dí èjí wọn nítorí fọ́tò, èjí tí àwọn ìyá ìyá wọn ń fi ṣakọ. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jẹun tàbí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gún òkè rẹ̀ ní ìdí tí ó fi yẹ kí ó wá oníṣègùn. Ti èjí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí olúwarẹ̀ lè rò lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tí a bá ti lẹ̀ ẹ́, ìrìnàjò ni ìṣòro ará Ìjagun. Yunifásítì tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n so mọ́ wọn sì ní àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa títo eyín. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn tàbí sí Èkó kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ kò sì dúró sójú kan. Oṣù kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin. Irin tí ó jìn lára eyín tí a kò tètè tún lẹ̀ burú ju irin tí ó já bọ́ pátápátá lọ: èyí tí ó jìn ṣì ń di ìdọ̀tí mú, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó láti máa padà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kò tíì ní owó wáyà.

Níbi tí owó ti ṣọ̀wọ́n ni àwọn kan ti ń rí ọjà tà. Wáyà oge, tí kò tún eyín kankan tò, ti di àṣà láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú ńlá. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ eyín ni ó ń fi irú àtè tí ó bá rí lẹ̀ ẹ́. Àwọn aláṣẹ ní Thailand ti kìlọ̀ nípa irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Gbogbo ewu tí a ti kà sílẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí àǹfààní kan tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò láti yọ ọ́, ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ kò ní irinṣẹ́ tí ó yẹ.

Yíyọ pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Irin máa ń kúrò láìsí wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi ohun bíi tánganran ṣe, tí àwọ̀ wọn jọ ti eyín, le ju ènámẹ́lì lọ. Nígbà tí a bá ń fà wọ́n tu, wọ́n lè ṣẹ́ díẹ̀ lára eyín mọ́ ara wọn. Àtè tí ó kù ni a ń rọra fi irin kékeré tí ń yí pòyì họ dànù. Ìkánjú ní ìpele yìí ń fi ilà sílẹ̀ lára eyín. Bí àmì ẹfun bá sì ti wà níbẹ̀, kò yẹ kí a sáré bò ó mọ́lẹ̀. Itọ́ yóò máa dá díẹ̀ padà fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù mélòó kan, pàápàá bí ẹnu bá mọ́ tónítóní. Àwọn àmì kan a rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan kì í lọ tán. Èyí tí kò bá lọ, oníṣègùn lè fi àtè tí ó ń ṣàn bí omi kún ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá bí ti eyín tó kù. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n owó ni.

Olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn, síbẹ̀ ó ń rí ẹnu ọmọ lójoojúmọ́, oníṣègùn sì ń rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí ó bá ṣe é ṣe. Bí ọmọ kíláàsì kan bá ní wáyà lẹ́nu, kí olùkọ́ jẹ́ kí ó jáde lọ sí ẹ̀bá ẹ̀rọ omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú àpò ìwé rẹ̀ pẹ̀lú dígí kékeré, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má sì fi í ṣẹ̀sín. Bí olùkọ́ bá sì rí àmì funfun láìdán lórí eyín ọmọ náà, kí ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó má dúró de ìparí táàmù.